Orin Àkùkọ Onílààlì

Nígbà tí Sikdar, Alága àdúgbò wa, pàṣẹ pé obìnrin kankan ò gbọdọ̀ kọ orin ìgbéyàwó mọ́, ó rò pé ọ̀rọ̀ bùṣe. Kò mọ Àǹtí Hasnahena dáadáa.

Opó ni Àǹtí. Ó ti kọrin rí lórí rédíò ní Dhaka, bó bá sì gbóhùn sókè, ẹni tó ń tukọ̀ lórí odò Kangsha á gbàgbé àjẹ̀. Gbogbo orin tí àwọn ìyá wa fi ń pa atalẹ̀ pupa sí ìyàwó lára ló ń kó jọ, tó sì fi ń kọ́ àwa obìnrin àdúgbò lọ́jọ́ Jímọ̀, kó má baà parẹ́.

Mo ní, "Àǹtí, ó parí náà nìyẹn?"

"Kí ló parí? Orin ìgbéyàwó ló ní ká má kọ. Orin adìyẹ la ó máa kọ báyìí."

Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, kò sí obìnrin tó ń fọ abọ́ létí adágún tí kò mọ orin adìyẹ náà. Ni Alága bá ránṣẹ́ pe Àǹtí àti èmi tí mo máa ń gberin fún un sí pálọ̀ rẹ̀, níwájú àgbà márùn-ún.

"Hasnahena, wọ́n ní o ń fi orin bú mi."

"Èmi kẹ̀? Bàbá, orin adìyẹ mà ni!"

"Kọ ọ́ ká gbọ́."

Àǹtí dá a, mo sì gbè é fún un:

*Àkùkọ kan ń bẹ lágbàlá,*
*Ó fi lààlì kun irùngbọ̀n;*
*Ó ní kádìyẹ má ké mọ́,*
*Adìyẹ ní, "Ó dáa, yé ẹyin fúnra rẹ!"*

Àgbà kan wúkọ́. Èkejì ki ojú bọ inú ife tíì. Alága fọwọ́ kan irùngbọ̀n rẹ̀ tó pupa fòò, ó fò dìde.

"Ẹ ò gbọ́ ni? Èmi ló ń bá wí!"

Àǹtí lanu sílẹ̀ bí ẹni tí ẹnu yà. "Ẹ gbà mí o! Àkùkọ ni mo pè. Àbí ẹ̀yin ni àkùkọ ọ̀hún ni, Bàbá?"

Ẹ̀rín tí mo gbé mì di òsúkè sí mi lọ́rùn.

Ìgbà náà ni ohùn kan jáde lẹ́yìn kọ́tìnnì. Ìyá Alága ni, arúgbó tó ti lé lọ́gọ́rin ọdún, ewé paan tí wọ́n máa ń rún lẹ́nu bí obì kún ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀.

"Ó ku ẹsẹ kan! Ẹ ò tíì kọ ibi tí àkùkọ ti ń sá fún ìyá rẹ̀!"

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́…"

"Gbẹ́nu ẹ dákẹ́! Orin obìnrin ni wọ́n fi mú mi wọlé bàbá ẹ. Ṣé ìyẹn ló bà ọ́ jẹ́?"

Àwọn àgbà ní àwọn ò rí òfin kankan tó de orin adìyẹ. Wọ́n sáré wá bàtà wọn, wọ́n fẹ́ lọ rẹ́rìn-ín níta.

Nígbà tí oṣù ìgbéyàwó dé, a kọ orin adìyẹ títí ohùn há. Alága ní òun ní iṣẹ́ nílùú Mymensingh.

Ní Jímọ̀ kan nínú oṣù náà, ìyá rẹ̀ gbé àpótí ìjókòó wá sí kíláàsì wa. Ohùn rẹ̀ ń han bí ìlẹ̀kùn tí kò rí òróró, ó sì máa ń parí orin kí àwa tó dé ìdajì. Àǹtí, tó máa ń gbá mi lọ́wọ́ bí mo bá ṣi ohùn díẹ̀, pa ojú dé, ó fara dà á.

Ó ní, "Ó dùn, Ìyá. Ẹ jẹ́ ká tún un kọ."