Orin Orí Igi Àgbọn

Ní erékùṣù Nonouti níbí, ọkùnrin tó bá gun àgbọn láti dá ẹmu gbọ́dọ̀ máa kọrin lókè, kí àwọn obìnrin tó ń wẹ̀ nísàlẹ̀ lè mọ̀ pé ojú ń bẹ lókè. Ní tèmi o, orin bàbá mi ni mò ń jí gbọ́. Bwere àbúrò mi ni bàbá fi orin náà sílẹ̀ fún, torí pé ó jẹ́ ọkùnrin. Èmi tí mo jẹ́ àgbà, wọ́n ní kí n lọ máa hun ẹní. Odidi ogójì ọdún ni Bwere fi ń kọ ọ́ láràárọ̀. Atẹ́gùn òkun a gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ, ohùn orin àti orúkọ bàbá nìkan ló ń balẹ̀ sétí mi. Ó tó mi. Ọkọ mi kú, mo gbọ́ ọ, mo dìde. Omi iyọ̀ ya wọ kòtò tí mo gbin kókò sí, ó pa gbogbo rẹ̀, mo gbọ́ ọ, mo rẹ́rìn-ín.

Lóṣù tó kọjá, Bwere já bọ́ lórí igi, egungun ìbàdí rẹ̀ fọ́. Nọ́ọ̀sì wò ó, ó wò mí, ó ní ká máa tọ́jú rẹ̀. Kò sọ di ìgbà wo.

Mo jókòó tì í. "Ó yá, kọ́ mi lórin bàbá. O ò ní gbé e wọlẹ̀ lọ."

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ n sinmi."

"Wàá sinmi títí. Kọ́ mi ná."

Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, ìrora ò jẹ́. Ó ní, "Mi ò mọ̀ ọ́n."

"Kí lo ò mọ̀?"

"Ọ̀rọ̀ inú ẹ̀. Bàbá ò tíì pé ọdún kan nílẹ̀ tí mo ti gbàgbé ẹ̀. Ohùn ẹ̀ nìkan ló kù."

"Kí wá lò ń kọ látọjọ́ yìí?"

"Ohun tí mo bá ṣáà rí. Ẹni tó ń bú ọkọ ẹ̀. Ọkọ̀ ojú omi tó ń bọ̀. Tí ẹ bá ti yọ síta, màá ki orúkọ bàbá bọ̀ ọ́, torí mo mọ̀ pé ẹ ń gbọ́."

"Òpùrọ́! Arúgbó òpùrọ́!"

"Ẹ bú mi. Ẹ̀rín tí ẹ̀ ń rín ńkọ́, ṣé irọ́ nìyẹn náà?"

Ó ṣe mí bíi kí n gbá a létí. Bàbá mi ti kú lẹ́ẹ̀kejì láti ogójì ọdún, ẹnìkan ò sọ fún mi.

Ọjọ́ méjì ni mo fi ń gbé ẹja síwájú rẹ̀ bí ẹni ń gbé e fún ajá. Ní àárọ̀ ọjọ́ kẹta, gbogbo àdúgbò dákẹ́ rọ́rọ́. Ẹmu ń kán dànù lórí igi tẹ́nìkan ò gùn. Mo dùbúlẹ̀, ara mi kọ̀, mi ò lè dìde.

Mo pariwo láti orí ẹní, "Bwere, kọrin!"

"Kí ni kí n kọ? Òrùlé nìkan ni mò ń rí."

Mo rápálá dìde, mo lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà. "Òkun ti fà sẹ́yìn. Ẹyẹ funfun méjì ń jà lórí ẹja kan. Ìyàwó pásítọ̀ ń sá aṣọ, ṣòkòtò pásítọ̀ ti ya nídìí."

"Ẹ rọra, ẹ̀gbọ́n. Ẹ ń yára jù."

Ó kọ ọ́. Ohùn rẹ̀ ti há, ó ń já níbi tó ga. Gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni mo gbọ́ lọ́tẹ̀ yìí, kò sí ti bàbá mi nínú wọn. Bó ṣe kan orúkọ bàbá, mo ní, "Yọ ìyẹn kúrò."

Ó yọ ọ́, ó sì ń kọrin lọ. Mi ò tíì dárí jì í. Mo kọjú sí òkun, mo ń wá ohun tí màá tún sọ fún un.