Aṣọ Àwọn Ìyá Lórí Tábìlì Aṣòfin

Níbi tí mo wà báyìí, tí òtútù ti sọ mí di ẹni tó ń wọ ìbọ̀sẹ̀ sùn, àràárọ̀ ni wọ́n ń ka ọmọ-ọmọ mi. Olùkọ́ rẹ̀ á dúró lẹ́nu ọ̀nà jéléósinmi, á na ìka sí àwọn ọmọ lọ́kọ̀ọ̀kan, á sì pe iye wọn sókè bí ẹni ń ka iṣu lọ́jà. Mo ti bá wọn gbé pẹ́ tó láti mọ̀ pé ire ni wọ́n ń rò. Síbẹ̀, bí ìka yẹn bá ti ń sún mọ́ ọmọ tèmi, ilẹ̀ ni mo máa ń wò. Mama Leah ni mo máa ń rántí.

Oǹdó la wà nígbà náà. Ìpínlẹ̀ wa ṣì jẹ́ tuntun, Èkìtì ò tíì kúrò lára wa, àwọn ológun ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ìjọba fún alágbádá ni. Ìjọba alágbádá yẹn kọ́ ilé kékeré kan sí ẹ̀gbẹ́ ibi tí àwọn obìnrin ti ń ṣa kòkó, kí àwọn ìyá tó ń ṣiṣẹ́ lè rí ibi fi ọmọ sí. Mama Leah ni wọ́n fi ṣe olórí ibẹ̀. Opó ni, ọmọ ìjọ Áńgílíkà, obìnrin kúkúrú tí ohùn rẹ̀ ga ju òun fúnra rẹ̀ lọ.

Òfin kan ṣoṣo ló ní. Ìyá tó bá fẹ́ fi ọmọ sílẹ̀ gbọ́dọ̀ ya díẹ̀ lára ìró tó ti lò gbó, aṣọ tí òórùn ara rẹ̀ ti wọ̀, kó fi lé ọmọ lọ́wọ́. “Ọmọ tó bá ń gbọ́ òórùn ìyá rẹ̀,” Mama Leah á ní, “kò ní sunkún pẹ́.” Bí ẹ bá wọ ilé náà lọ́sàn-án, ẹ ó bá wọn lórí ẹní, oníkálukú ti fi imú bọ inú aṣọ ìyá rẹ̀, wọ́n ń sùn. Bí ẹ bá mú aṣọ kan sókè, Mama Leah á sọ ọmọ tó ni ín fún yín láìwẹ̀yìn.

Tíṣà ni mí nígbà náà, ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan tí kò jìnnà síbẹ̀. Olúwọlé ọkọ mi ń ṣiṣẹ́ ní Kàdúná. Èmi àti Ọládiméjì ọmọ wa la jọ wà, kò tíì mọ̀ ọ́n rìn. Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ wa ti kìlọ̀ fún mi lẹ́ẹ̀kan, nígbà tí mo gbé ọmọ pọ̀n wọ kíláàsì. “Ìyá Diméjì,” ó ní, “àwọn ọmọ kíláàsì rẹ kò wo bọ́ọ̀dù mọ́, ọmọ ẹ̀yìn rẹ ni wọ́n ń wò. Bí kò bá sí ibi tí o lè gbé e sí, wá fi iṣẹ́ sílẹ̀ ná, títí á fi dàgbà.” Kò sọ ọ́ tìkà-tìkà. Mama Leah ló gbà mí lọ́wọ́ ọ̀rọ̀ yẹn.

Lẹ́yìn náà ni òsítẹ́rítì dé, ètò tí ìjọba fi ń gé ìnáwó. Ọjà kòkó wó lulẹ̀, owó tó ń ti Èkó wá fún ìpínlẹ̀ fà sẹ́yìn, àwa tíṣà ń retí owó oṣù bí ẹní ń retí òjò nínú ọ̀gbẹlẹ̀. Ìjọba wá ní òun yóò ti gbogbo jéléósinmi tí kò sí ọmọ níbẹ̀. Nígbà tí a gbọ́ pé tiwa wà lára wọn, ẹ̀rín la fi ṣe.

“Kò sí ọmọ níbo?” ni obìnrin kan tó ń ṣa kòkó wí. “Ariwo wọn kò jẹ́ ká gbọ́ ohun tí à ń sọ!”

Àṣìṣe náà kò lọ́jú pọ̀. Gbogbo ìgbà tí ilé iṣẹ́ ìjọba ní Àkúrẹ́ bá bèèrè iye ọmọ tó wà níbẹ̀, Mama Leah á fi ọwọ́ rẹ̀ tó dára kọ ọ́ pé: “Ọmọ pọ̀ níbí. A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run.” Wọ́n wá iye nínú rẹ̀, wọn ò rí i. Wọ́n bá kọ òdo.

Àwọn aṣòfin ní ìgbìmọ̀ kan tó ń yẹ ètò ọrọ̀ ajé ìjọba wò, pé kí ilé iṣẹ́ ìjọba tó gé nǹkan kúrò, kí wọ́n kọ́kọ́ wá sọ ẹni tí ọ̀bẹ máa bà. Ọnọ́rébù Akínsànyà ni alága wọn, ọmọ Oǹdó ni. Wọ́n ránṣẹ́ pe ilé iṣẹ́ ìjọba, wọ́n sì ránṣẹ́ pe Mama Leah. Àwọn ìyá ní kí n tẹ̀ lé e. “Ìwọ lo gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì wọn,” ni wọ́n wí. Wọ́n mọ̀ pé bí ilé náà bá tì, iṣẹ́ mi náà tì nìyẹn.

Gbọ̀ngán aṣòfin ní Àkúrẹ́ tí wọ́n pè wá sí tutù, fáànù ń yí lókè. Ẹni tí ilé iṣẹ́ ìjọba rán wá ni Ọ̀gbẹ́ni Ọlábọ̀dé, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí àárẹ̀ ti bá ojú rẹ̀. Ó kí Mama Leah dáadáa, ó tẹ orí ba fún un kó tó jókòó.

“Mama,” ó ní, “ọmọ mélòó ló wà lọ́dọ̀ yín?”

“Wọ́n pọ̀, ọmọ mi.”

“Ẹ ṣé, Mama. Ṣùgbọ́n mélòó ni wọ́n?”

“Ìyá rẹ ńkọ́, mélòó ló bí?”

Àwọn èèyàn tó wà lẹ́yìn bú sẹ́rìn-ín.

“Mama ti mú un!” ni ẹnìkan pariwo.

“A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ,” Mama Leah wí. “Àbí wọn ò sọ fún yín nílé yín?”

Ọnọ́rébù Olúgbémiga, tó ti fìgbà kan jẹ́ olùkọ́ ọrọ̀ ajé ní yunifásítì, yí sí Ọlábọ̀dé. “Òdo tí ẹ kọ síbí, ṣé ẹ lọ wo ilé náà kí ẹ tó kọ ọ́?”

“Mọ́tò wa kò ní epo, sà.”

“Àtìgbà wo?”

“Sà, àtìgbà tí ẹ̀yin aṣòfin ti gé owó epo wa.”

Ẹ̀rín tún sọ. Olúgbémiga náà rẹ́rìn-ín, ó mi orí. Lẹ́yìn náà ló bèèrè ọ̀rọ̀ tí mo ti ń gbàdúrà kí ẹnìkan bèèrè. “Bí ẹ bá ti ilé yìí, ta ni yóò máa ṣa kòkó? Ta ni yóò máa kọ́ àwọn ọmọ níwèé? Ṣé ẹ ti ro ti àwọn ìyá mọ́ èrè tí ẹ ní ẹ fẹ́ jẹ?”

Ọlábọ̀dé dìde. Kò bínú. “Ẹ̀yin aṣòfin, èmi náà ní ọmọ. Ọsibítù ń bèèrè, ilé ẹ̀kọ́ ń bèèrè, ohun tó wà nínú àpò kò sì kárí. Bí mo bá fún ibi tí kò ní iye, ibi tó ní iye ni mo gbà á lọ́wọ́ ẹ̀. Ẹ sọ iye kan fún mi, èmi fúnra mi ni n ó gbèjà wọn.”

Alága bá kọjú sí mi. “Ìyàwó, tíṣà ni ọ́. Ìwọ kà wọ́n fún wa.”

Mo dìde. Ẹ gbọ́, mo mọ̀ wọ́n. Mo mọ ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń sùn sí lórí ẹní. Mo bẹ̀rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà nínú ọkàn mi, mo ń bọ̀, mo ń bọ̀, títí mo fi dé ẹ̀bá fèrèsé, mo rí Diméjì níbẹ̀ tó fi aṣọ mi bo imú.

“Ẹ jọ̀ọ́, sà,” ni mo wí, “n ò lè kà á.”

Mo jókòó, ojú tì mí. Gbogbo ìwé tí mo kà, ibẹ̀ ló parí sí, iṣẹ́ mi sì ń lọ lójú mi báyìí.

Mama Leah gbé ọwọ́ lé mi léjìká. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, kò sì pariwo mọ́. Èdè Oǹdó ló ń sọ. Akọ̀wé tó ń kọ ọ̀rọ̀ sílẹ̀ ní kí wọ́n túmọ̀ fún òun, alága ní kó gbé kálámù ẹ̀ sílẹ̀ ná.

“Mo bímọ rí,” ni Mama Leah wí. “Àlejò kan wá sí àgbàlá bàbá ọkọ mi, ó rí wọn níbi tí wọ́n ti ń ṣeré, ó nàka sí wọn, ó kà wọ́n lójú mi. Ó ń yìn mí ni, kò ní ibi nínú. Ọdún yẹn ni ìgbóná jà.”

Ó wá gbé ọwọ́ kúrò léjìká mi.

Ọnọ́rébù Akínsànyà ṣí fìlà rẹ̀, ó gbé e lé orúnkún. “Bí wọ́n bá bi ìyá tèmi ní iye ọmọ rẹ̀, ‘Olúwa ló mọ̀’ ló máa ń sọ.” Ó kọjú sí Mama Leah. “Mama, kí ni ọmọ kọ̀ọ̀kan máa ń mú wá bá yín láàárọ̀?”

“Ẹ̀kọ, omi, àti aṣọ ìyá rẹ̀.”

“Ṣé aṣọ kan ni fún ọmọ kan?”

“Kan ni.”

“Ṣé èèwọ̀ ni ká ka aṣọ?”

Mama Leah wò ó lọ títí. “Aṣọ kò ní ẹ̀mí,” ó ní. “Ẹ lè ka aṣọ.”

Bí wọ́n ṣe sún ọ̀rọ̀ náà síwájú nìyẹn, pé ká kó aṣọ wá.

Ọjọ́ tí a kó aṣọ lọ sí Àkúrẹ́, ẹ ò bá gbọ́ igbe ní Oǹdó. Kò sí ọmọ tó gbà láti sùn. Àwọn ìyá fi kòkó sílẹ̀, wọ́n wá ń pọn ọmọ kiri àgbàlá. Àwa ti dì í sínú ẹrù ńlá kan, a gbé e lé itan nínú Píjò. Dẹ́rẹ́bà wò wá nínú dígí.

“Mama, ṣé àkísà lẹ fẹ́ lọ tà fún àwọn ará Àkúrẹ́ ni?”

“Aṣọ aṣòfin ni,” Mama Leah dá a lóhùn. “Wa mọ́tò rẹ, kí n má baà ní kí wọ́n gé epo tìrẹ náà.”

A rẹ́rìn-ín títí a fi kọjá odò Òwenà.

Wọ́n ní kí Mama Leah tẹ́ aṣọ náà sórí tábìlì gígùn tó wà níwájú alága. Ọlábọ̀dé ló ń kà, Mama Leah sì ń sọ ẹni tó ni aṣọ bó ti ń mú un jáde. “Èyí, ìyá rẹ̀ ń ṣa kòkó. Èyí, nọ́ọ̀sì ni ìyá rẹ̀, alẹ́ ló ń ṣiṣẹ́, ọ̀sán ló ń sùn. Èyí, ìyá rẹ̀ ń kàwé ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, ó fẹ́ di tíṣà.” Ó mú ìró aláró kan tí wọ́n fà ya sí méjì.

“Ìró kan nìyí,” Ọlábọ̀dé wí.

“Ọ̀tọ̀ ni ti Táíyé, ọ̀tọ̀ ni ti Kẹ́hìndé. Bí o bá pa á pọ̀, wọ́n á jà dé ọ̀dọ̀ rẹ.”

Ó mú òmíràn, ó na án sí alága. “Èyí, ẹ mọ̀ ọ́n. Ọmọ ọmọ yín ni. Ó máa ń géni jẹ.”

“Ó jọ ìyá ìyá rẹ̀ nìyẹn,” ni Ọnọ́rébù Akínsànyà wí, gbogbo gbọ̀ngán sì wó fún ẹ̀rín.

Aṣọ ti bo tábìlì. Òórùn wàrà ọmọ, òórùn òrí, òórùn èéfín kòkó, gbogbo rẹ̀ gba inú gbọ̀ngán ìjọba. Mo rí tèmi, aláwọ̀ ewéko. Ọlábọ̀dé gbọ́wọ́ lé e, ó pe iye kan, ó kọjá. Mo mí kanlẹ̀.

Nísàlẹ̀ ẹrù ló ti kan aṣọ kan tí kò jọ ìyókù. Àdìrẹ àtijọ́ ni, ó ti ṣá, etí rẹ̀ ti di òwú. Ọlábọ̀dé gbé e dání. “Mama, ọmọ ta ni èyí?”

A ti fi ìkánjú di ẹrù náà, orí ẹní Mama Leah ni mo ṣèèṣì ti mú un.

“Tèmi ni,” ni Mama Leah wí. “Má kà á, ọmọ mi. Àwọn tó ni ín kò sí mọ́.”

Ọ̀gbẹ́ni Ọlábọ̀dé fi ọwọ́ méjèèjì ká aṣọ náà, bí ìgbà tí èèyàn ń ká aṣọ ọmọ tuntun. Ó wá dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú gbogbo aṣòfin, ó fi fún Mama Leah. Nígbà tó dìde, ó kọjú sí alága.

“Ilé iṣẹ́ wa kọ òdo,” ó ní. “Ẹ jẹ́ kí akọ̀wé pa òdo yẹn rẹ́. Mo ti sọ pé n ó gbèjà wọn. Iye tí mo kà nìyí.” Ó sì sọ ọ́.

Wọn ò ti ilé wa. Mo padà sí kíláàsì mi lọ́jọ́ kejì, Diméjì padà sẹ́bàá fèrèsé rẹ̀, tòun ti aṣọ aláwọ̀ ewéko rẹ̀. Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ ní, “Ìyá Diméjì, mo gbọ́ pé ẹ kó àkísà bá ìjọba jà.” Mo ní a bá wọn jà, sà. Kò pẹ́ sígbà náà tí àwọn ológun padà wá, tí wọ́n ti gbọ̀ngán aṣòfin pa, ṣùgbọ́n ọmọ ṣì ń sùn lọ́dọ̀ Mama Leah títí mo fi tẹ̀ lé ọkọ mi kúrò nílùú. Òkèèrè ni mo ti gbọ́ pé ó sùn. Wọ́n ní wọ́n fi àdìrẹ yẹn sí i lórí àyà.

Diméjì ló bí ọmọ tí wọ́n ń kà láràárọ̀ níbí. Mo ti ya ìró mi kan, mo fi sínú àpò rẹ̀. Olùkọ́ rẹ̀ mú un jáde lọ́jọ́ kan, ó bi mí pé kí ni. Mo ṣàlàyé bí mo ti lè ṣe é. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó sì fi aṣọ náà lé ọmọ lọ́wọ́. Ó wá ní, ọmọ-ọmọ mélòó ni mo ní?

Mo ní wọ́n pọ̀, a dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà mí náà lè fẹ́ mọ iye tí Ọlábọ̀dé sọ lọ́jọ́ yẹn. Kò tíì kúrò létí mi. Aṣọ lásán ni wọ́n kà, mo mọ̀, aṣọ kò sì ní ẹ̀mí. Ṣùgbọ́n ti Diméjì wà nínú rẹ̀. Ẹ má bínú sí mi, n ò ní kọ ọ́ síbí.