Odò Tí A Fẹnu Ara Wa Tì

Mi ò fẹ́ràn pátákó náà láti ìgbà tí wọ́n ti ń sọ̀ ọ́ kalẹ̀ nínú ọkọ̀. Ó tóbi, ó ń dán, wọ́n ya ẹja sí i, ẹja náà sì ń rẹ́rìn-ín bí ọmọ tí wọ́n fún ní súìtì. Abẹ́ ẹja náà ni wọ́n kọ ọ́ sí gàdàgbà-gadagba pé: Ẹ wò wá, ẹ má mú wa. Odò yìí di títì títí láé.

Mo bi ọmọkùnrin tó ń gbẹ́ ihò tí wọ́n máa rì í mọ́ pé, "Ta ló sọ títí láé?"

Ó ní, "Màámi, iṣẹ́ ni wọ́n rán mi o."

Mo ní, "Kò burú. Rọra gbẹ́ ẹ. Má jẹ́ kó jìn jù, torí èmi ni màá hú u."

Dongi lorúkọ mi. Bí ẹ bá dé abúlé wa, níbi tí odò ti ń já sókun lápá ìlà-oòrùn Taiwan, tí ẹ sì béèrè obìnrin tí ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́, ilé mi ni wọ́n máa júwe fún yín. Ẹ̀gbọ́n mi ni Lisin. Òun kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Bóyá èmi ti sọ tiẹ̀ mọ́ tèmi.

Ọdún márùn-ún ṣáájú pátákó yìí, odò wa ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kú. Àwọn ará ìta ń wá fi iná mànàmáná pa ẹja, àwa fúnra wa náà sì ń kó ọmọ ẹja mọ́ ìyá rẹ̀. Kalitang, ọkọ Lisin, ló dìde nípàdé, tó ní ká ti odò fún ọdún márùn-ún, kí ẹnikẹ́ni má ju àwọ̀n. A ò kọ ọ́ síbì kankan. Àwọn àgbà fẹnu sọ ọ́, àwọn ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ sì ń gbà á fún ara wọn ṣọ́, ó parí. Ẹni tí wọ́n bá mú nínú omi, ẹlẹ́dẹ̀ ni yóò rà fún gbogbo abúlé. Aládùúgbò mi kan ra ẹlẹ́dẹ̀ títí ìyàwó rẹ̀ fi kó àwọ̀n rẹ̀ dáná.

Kalitang ò dúró rí èso rẹ̀. Ní ọdún kejì, àìsàn ẹ̀dọ̀ mú un lọ.

Lọ́dọ̀ wa, ìgbéyàwó kì í parí, iṣẹ́ ńlá kì í parí, ìsìnkú náà kì í parí, àfi tí a bá lọ sódò, tí a pa ẹja, tí a sì jókòó sétí omi jọ jẹ ẹ́. Pakelang la ń pè é. Opó tí kò bá tíì ṣe é, ọ̀fọ̀ ṣì wà lára rẹ̀. Aṣọ dúdú ni yóò máa wọ̀, kò ní kọrin, kò ní bá wa jó nígbà ọdún ìkórè. Nígbà tí odò wà ní títì, àwọn tí òkú kú fún ń ra ẹja lọ́jà, wọ́n ń fi ìyẹn ṣe é. Lisin nìkan ló yarí.

Ó ní, "Ẹja ọjà? Èyí tí wọ́n ń sìn nínú kòtò bí adìyẹ? Kalitang á fi mí ṣẹ̀sín níbi tó wà. Odò tó ní ká tì, òun ni màá dúró dè."

Ó sì dúró. Ẹ̀gbọ́n mi tí ohùn rẹ̀ máa ń ṣíwájú gbogbo obìnrin lágbo ijó, tó bá dọjọ́ ọdún, á jókòó sẹ́yìn ilé, á máa bó ẹ̀wà. Mo ń jó, mo sì ń wo ẹ̀yìn ilé yẹn. Ọdún mẹ́ta. Ó dùn mí ju bí mo ṣe lè sọ lọ.

Ọmọ mi Ofad ló fa ọ̀rọ̀ ẹ̀bùn wọlé. Ọmọ rere ni, ó kàwé ní Taipei, olú-ìlú wa, ó sì padà wá sílé, èyí tí ọ̀pọ̀ wọn kì í ṣe. Ó gbọ́ pé àjọ kan wà lọ́hùn-ún tó ń fún àwọn abúlé ọmọ onílẹ̀ tó ń tọ́jú igbó àti omi wọn lẹ́bùn, ló bá kọ̀wé sí wọn. Ó kọ bí a ṣe ti odò, bí a ṣe ṣọ́ ọ, bí ẹja ṣe padà débi pé ẹ lè dúró lórí àpáta kẹ́ ẹ máa rí ikùn wọn tó ń kọ mànà. Kò kọ ọ́ pé a máa ṣí i.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ bẹ́yìn yọ, mo bi í pé, "Kí ló dé tí o ò kọ ìyẹn?"

Ó ní, "Màámi, ta ni kò mọ̀ ọ́n?"

Òótọ́ ló sọ. Lábúlé wa, ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn mọ̀ pé torí ká lè jẹun la ṣe ti odò. Àmọ́ àwọn ará Taipei rò pé a tì í pa ni. Wọ́n ní ìwé Ofad pa àwọn lẹ́kún. Wọ́n fún wa lẹ́bùn náà, wọ́n sì mú ọjọ́ tí ọdún márùn-ún pé gan-an láti wá gbé e lé wa lọ́wọ́. Ọjọ́ tí a fẹ́ ṣí odò nìyẹn.

Ọ̀gbẹ́ni Pai ni wọ́n fi ṣe olórí wọn. Ọkùnrin jẹ́jẹ́ ni, ó gbé tíì wá fún àwọn àgbà, ó sì ń tẹrí ba fún gbogbo èèyàn. Ní ọ̀sán ọjọ́ tó ṣáájú ayẹyẹ, ó jókòó tì wá ní gbàgede, ó sì ṣàlàyé. Ẹ̀bùn náà ní owó nínú, owó tó lè tún afárá tí ìjì gbé lọ kọ́. Ohun tí wọ́n fẹ́ kò ju pé kí olórí abúlé tọwọ́ bọ̀wé pé a ò ní pẹja níbẹ̀ mọ́ láéláé. Wọ́n á kọ́ àgọ́ sétí omi, sídìí pátákó wọn yẹn, àwọn àlejò á máa wá wo ẹja.

Ó ní, "Odò yín ti kúrò ní ti abúlé kan. Ó ti di ti gbogbo ayé."

Orí mi gbóná. Mo ní, "Gbogbo ayé yìí, nígbà tí àwọn ọmọ wa ń ṣọ́ ọ nínú òjò, ibo ni wọ́n wà?"

Àwọn obìnrin rẹ́rìn-ín. Ofad ń wo bàtà rẹ̀.

Lekal, olórí abúlé wa, nu ojú rẹ̀. Ẹgbẹ́ Kalitang ni, wọ́n jọ dàgbà ni. Ó ní, "Dongi, má bínú. Afárá ńkọ́? Òjò tó bá rọ̀, àwọn ọmọ ò lè kọjá lọ sílé ìwé. Ẹja wà ní odò kejì."

Ẹnì kan ní ká sún un síwájú di ọdún tó ń bọ̀. Ẹlòmíì ní tí a bá ti tọwọ́ bọ̀wé, ọdún tó ń bọ̀ kò sí mọ́. Ariwo ta. Ibẹ̀ la wà tí Lisin fi sọ̀rọ̀ láti ẹ̀yìn, lábẹ́ igi, níbi tí àwọn tó wà nínú ọ̀fọ̀ máa ń jókòó sí.

Ó ní, "Ọ̀gbẹ́ni Pai, ṣé ẹ níyàwó?"

Ọkùnrin náà yíjú padà. "Mo ní, Màámi."

"Tí ẹ bá kú, ọdún mélòó lẹ fẹ́ kó fi wọ dúdú?"

Ofad rọra sọ ọ̀rọ̀ pakelang fún un létí. Ojú Ọ̀gbẹ́ni Pai yí padà, mo rí i. Mi ò ní purọ́ mọ́ ọn, kì í ṣe èèyàn burúkú. Ó ní, "Mo bá yín kẹ́dùn, Màámi. Tó bá jẹ́ èmi nìkan ni... Àmọ́ ìlànà ni, kò sóhun tí mo lè ṣe sí i."

Lisin ní, "Ẹ ṣeun." Ó dìde, ó lọ sílé.

Lekal ní ká túká, ó di ọ̀la. Mo tẹ̀ lé ẹ̀gbọ́n mi, mo sì ń bú gbogbo wọn láti gbàgede títí dé ẹnu ilẹ̀kùn rẹ̀. Nígbà tó sú u, ó ní, "Dongi, ìkòkò rẹ ńlá yẹn, ṣé kò jò?"

Mo ní, "Kò jò."

Ó ní, "Gbé e wá láàárọ̀. Mú atalẹ̀ dání."

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n ti ta àtíbàbà sétí odò kí oòrùn tó ga. Àga wà, makirofóònù wà, obìnrin kan tó ń fi kámẹ́rà ya gbogbo nǹkan wà. Gíláàsì tí wọ́n ṣe bí ẹ̀kán omi ni ẹ̀bùn náà, ó wà lórí tábìlì, ìwé wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ ọkùnrin tò bí wọ́n ṣe máa ń tò, ẹgbẹ́ tó dàgbà jù níwájú, àwọn ọmọdékùnrin lẹ́yìn. Gbogbo wọn ló mú àwọ̀n wá. Kò sẹ́ni tó ní kí wọ́n mú un wá, kò sì sẹ́ni tó ní kí wọ́n má mú un.

Ohun tí mo fẹ́ kó yé yín rèé. Ọjọ́ tí a bá ń ṣí odò, ẹgbẹ́ àgbà ló ń kọ́kọ́ ju àwọ̀n, olórí wọn, tó jẹ́ Lekal, ló sì ń ṣáájú wọn. Tí Lekal ò bá jù ú, ọwọ́ ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ kan omi. Gbogbo ọ̀rọ̀ náà wà lọ́wọ́ ọkùnrin kan ṣoṣo, Lekal, bírò sì ti wà lọ́wọ́ yẹn.

Ọ̀gbẹ́ni Pai sọ̀rọ̀ tó dùn. Ó yìn wá débi pé mi ò mọ ẹni tó ń wí mọ́. Ó ní kí Lekal bọ́ síwájú. Lekal bẹ̀rẹ̀ mọ́ tábìlì.

Ìgbà yẹn ni Lisin sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè, àwọ̀n Kalitang wà léjìká rẹ̀. Èmi ń tẹ̀ lé e pẹ̀lú ìkòkò, iyọ̀ àti atalẹ̀. Àwọn èèyàn yà fún wa. Ẹ̀gbọ́n mi kọjá níwájú àwọn àlejò, kò kí wọn. Ó gba ẹ̀gbẹ́ tábìlì kọjá, ó wọnú omi títí ó fi dé orúnkún rẹ̀, ó sì yíjú padà.

"Lekal." Kò pè é ní bọ̀dá, kò pè é ní olórí. "Ọjọ́ kan náà ni wọ́n fún ìwọ àti ọkọ mi lórúkọ ẹgbẹ́. Àwọ̀n rẹ̀ rèé. Wá jù ú. Tí o ò bá ní jù ú, sọ ọ́ lójú gbogbo èèyàn, kí n lè mọ ohun tí màá lọ sọ fún un."

Ọ̀gbẹ́ni Pai dìde. "Màámi, ẹ jọ̀ọ́, kámẹ́rà ń ṣiṣẹ́."

Mo ní, "Ẹ jẹ́ kó máa ṣiṣẹ́! Ṣebí ẹ ní ìṣe wa lẹ wá wò? Ẹ wò ó, ìṣe wa nìyí!"

Lekal wo ìwé, ó wo òpó afárá tó ṣẹ́ kù nínú omi, ó wo obìnrin tó na àwọ̀n sí i. Àwọ̀n yẹn wúwo, Lisin ò sì jẹ́ kó balẹ̀. Mo ń bẹ Lekal nínú mi, èmi tí mi ò bẹ ẹnikẹ́ni rí.

Lekal gbé bírò sílẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀, ó bọ́ bàtà tó yá wọ̀ nítorí ayẹyẹ, ó ní, "Afárá yẹn, ọwọ́ wa la fi so àkọ́kọ́. A tún máa so ó."

Ó wọ odò. Ó gba àwọ̀n lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n mi, ó yíra, ó sì jù ú. Àwọ̀n náà ṣí lójú òfúrufú, ó balẹ̀ sórí omi, ariwo tí àwọn ọkùnrin wa pa lẹ́yìn náà, mo rò pé wọ́n gbọ́ ọ ní Taipei.

Ọ̀gbẹ́ni Pai di Ofad lápá mú. "Ṣé o mọ̀ pé tí èyí bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ̀bùn ti bọ́ nìyẹn?"

Mo pariwo láti etí omi pé, "Ofad! Ẹgbẹ́ rẹ ń wọ omi o! Ṣé kóòtù ọrùn rẹ yẹn ló bí ọ?"

Ọmọ mi bọ́ kóòtù, ó ká a sórí àga dáadáa. Ó ní, "Ọ̀gá, ẹ má bínú. Ìwé tí mo kọ sí yín, kò parí. Ibi tó kù rèé." Ó sì fò sínú odò.

Wọ́n di gíláàsì wọn padà sínú àpótí. Wọ́n ká àtíbàbà wọn. Èmi fúnra mi bá wọn gbé àga, torí a kì í ṣe aláìlẹ́kọ̀ọ́. Ọ̀gbẹ́ni Pai dúró lẹ́nu ọ̀nà ọkọ̀ fún ìgbà díẹ̀, ó wo odò, ó wọlé. Obìnrin oníkámẹ́rà nìkan ni kò bá wọn lọ. Ó wá jókòó tì mí nídìí iná, ó bó atalẹ̀ fún mi, kò sì bó o dáadáa.

Ẹja ńlá nìkan la mú. Kékeré tó bá há, wọ́n á yọ ọ́, wọ́n á dá a padà. Nígbà tí ìkòkò wa kún, Lekal súfèé, gbogbo wọn jáde nínú omi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹja ṣì ń fò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ wọn.

A ti ń bu ọbẹ̀ nígbà tí fóònù Ofad dún. Ó kà á, ó wá kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Lisin. "Màámi Lisin, Ọ̀gbẹ́ni Pai ni. Ó ní òun ti bá àwọn kan sọ̀rọ̀. Ó ní tí a bá lè tì í padà, kí a sì ṣèlérí, wọ́n ṣì lè gba tiwa rò lọ́dún tó ń bọ̀."

Gbogbo wa ń wo ẹ̀gbọ́n mi. Àwo rẹ̀ wà lórí itan rẹ̀.

Ó ní, "Sọ fún un pé láàárọ̀ ọ̀la a máa tì í. Kì í ṣe torí tiwọn. Tí ẹja bá sì tún pọ̀, tí ebi ń pa wá, tàbí tí ẹnì kan kú, a máa ṣí i. Kọ gbogbo rẹ̀ sí i lọ́tẹ̀ yìí, má fi ìkankan sílẹ̀."

Ofad tẹ̀ ẹ́ sórí fóònù bó ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́.

Lẹ́yìn náà Lisin yọ orí ẹja nínú ọbẹ̀. Láti ọjọ́ tó ti wọlé ọkọ, Kalitang ló ń jẹ orí ẹja nílé yẹn. Lisin gbé e lọ́wọ́ fún ìgbà pípẹ́. Ó ní, "Kalitang, ẹja rẹ dé. Ó tó. Máa lọ." Ó sì jẹ orí ẹja náà fúnra rẹ̀, ó fa egungun rẹ̀ mu títí kò fi sí nǹkan kan nínú rẹ̀ mọ́.