Orúkọ Tó Wà Lẹ́yìn Aago Ọ́ńkù Enosa

Ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi ni mò ń tún ṣe ní erékùṣù wa, Waiben, ní àríwá Australia, tí àwọn òyìnbó ń pè ní Thursday Island. Kò sí ẹ́ńjìnnì tí wọ́n lè gbé wá sí ṣọ́ọ̀bù mi tí n kò ní tú palẹ̀ kí n sì tò ó padà. Ìdí nìyẹn tí n kò fi rò pé aago ọwọ́ lásán lè fún mi ní wàhálà. Aago náà kọ́ ló sì fún mi ní wàhálà nígbẹ̀yìn, èèyàn ni.

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ni Ọ́ńkù Enosa Gibuma. Ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́rin ni wọ́n báyìí. Nígbà tí wọ́n ṣì wà lọ́dọ̀ọ́, ìsàlẹ̀ òkun ni wọ́n ti ń wá oúnjẹ òòjọ́ wọn. Wọ́n á ki rọ́bà tí afẹ́fẹ́ ń gbà wá láti orí ọkọ̀ sẹ́nu, wọ́n á rì lọ sísàlẹ̀ láti ṣa ìkarahun péálì fún ilé iṣẹ́ kan tó ti kógbá sílé tipẹ́. Lọ́dún 1972, rọ́bà afẹ́fẹ́ àbúrò máníjà ilé iṣẹ́ náà já lábẹ́ omi. Àwọn yòókù sá gòkè. Ọ́ńkù mi nìkan ni wọ́n padà sísàlẹ̀, tí wọ́n ki rọ́bà tiwọn bọ ọmọkùnrin náà lẹ́nu. Àwọn méjèèjì sì ń gba afẹ́fẹ́ kan náà mí lọ́wọ́ ara wọn títí wọ́n fi yọrí sójú omi.

Nítorí ìyẹn ni máníjà ṣe ra aago òmùwẹ̀ fún wọn. Omi kì í wọ irú aago bẹ́ẹ̀, ó sì ní òrùka kan létí tó ṣeé yí, tí òmùwẹ̀ fi ń mọ iye ìṣẹ́jú tó ti lò nísàlẹ̀. Máníjà ní kí wọ́n gbẹ́ orúkọ Ọ́ńkù sí ìdérí ẹ̀yìn rẹ̀, pẹ̀lú orúkọ ọkọ̀ wọn àti ọdún náà: E. GIBUMA, MARIGOLD, 1972.

Lọ́dún 1981, rọ́bà inú aago náà gbó, omi sì ráyè wọlé. Ọ́ńkù gbé e lọ sí ọ́fíìsì ilé iṣẹ́ kí wọ́n bá wọn fi ránṣẹ́ sí ẹni tó ń tún aago ṣe ní ìlú Cairns. Akọ̀wé kọ rìsíìtì fún wọn. Ọ̀sẹ̀ kan di oṣù kan, oṣù kan di ọdún kan. Ìgbàkígbà tí wọ́n bá lọ béèrè, wọ́n á ní kí wọ́n ṣì mú sùúrù. Lọ́jọ́ tí wọ́n lọ kẹ́yìn, àgádágodo ni wọ́n bá lẹ́nu ọ̀nà. Ilé iṣẹ́ ti palẹ̀ mọ́, máníjà ti wọkọ̀ lọ sí gúúsù, kò sì sí ẹnikẹ́ni tó yà kí wọn pé ó dàbọ̀.

Lọ́dún tó kọjá ni mo pinnu pé màá to òmíràn tó jọ ọ́ fún wọn. Fọ́tò kan wà níbi tí Ọ́ńkù ti dúró lórí Marigold láìwọ ẹ̀wù, tí aago náà hàn kedere lọ́wọ́ wọn. Fọ́tò yẹn ni mò ń wò ra àwọn ẹ̀yà rẹ̀. Lórí fóònù ni mo ti rí i pé àwọn tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí pọ̀ káàkiri ayé: wọ́n á ra ara irin lọ́wọ́ ẹnì kan, wọ́n á ra ojú aago lọ́wọ́ ẹlòmíràn, wọ́n á wá tò ó pọ̀ fúnra wọn. Ara irin tèmi wá láti Guangzhou. Ẹ̀rọ inú rẹ̀ wá láti Japan. Òrùka etí rẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo pààrọ̀ rẹ̀ kó tó bá ti inú fọ́tò mu.

Ojú aago ló kọ́kọ́ bí mi nínú. Mo ní kí ẹni tó ń tà á ṣe èyí tí kò ní orúkọ kankan lára fún mi, kó jẹ́ dúdú, kó sì ní àwọn àmì róbótó tó ń tàn nínú òkùnkùn. Èyí tó fi ránṣẹ́ sí mi, orúkọ ilé iṣẹ́ aago ńlá kan ló tẹ̀ sí i gàdàgbà. Nígbà tí mo bá a wí, ó ní ẹ̀bùn lòun fi ṣe, pé láìsí orúkọ yẹn, ta ni yóò mọ̀ pé gidi ni? Mo kọ̀wé sí i pé kì í ṣe gidi, èmi ni mò ń tò ó, nínú ṣọ́ọ̀bù ẹ́ńjìnnì, n kò sì ní so irọ́ mọ́ Ọ́ńkù mi lọ́wọ́. Mo dá a padà fún un. Oṣù kan gbáko ni mo fi dúró kí òmíràn tó dé.

Ó wá ku ọwọ́ aago. Ọwọ́ tó ń ka ìṣẹ́jú lára aago Ọ́ńkù fẹ̀, àwọ̀ ọsàn pípọ́n ló ní, kò sì sí ẹni tó ń ṣe irú rẹ̀ dáadáa mọ́. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá àwọn tó ń ta àwókù. Bí mo ṣe débi tí ọkùnrin kan ní Cairns ti ń pàtẹ ọjà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì nìyẹn, Garth Pascoe lorúkọ rẹ̀. Ó ya fọ́tò ọwọ́ aago méjì tó jẹ́ irú èyí tí mò ń wá gẹ́lẹ́. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn ló to ìdérí ẹ̀yìn aago kan sí. Mo fẹ fọ́tò náà lójú. E. GIBUMA. MARIGOLD. 1972.

Abẹ́ rẹ̀ ló kọ ọ́ sí pé: "Orúkọ ẹnì kan wà lára rẹ̀, àmọ́ ó ṣeé họ dànù."

Mo ti ṣọ́ọ̀bù, mo sì gba ilé Ọ́ńkù lọ. Wọ́n wà ní ìta, wọ́n ń tún àwọ̀n ṣe. Mo na fóònù sí wọn. Wọ́n wò ó títí, wọ́n fi ìka kan orúkọ náà lórí gíláàsì fóònù, wọ́n sì dìde wọlé. Nígbà tí wọ́n jáde, rìsíìtì ọdún 1981 wà lọ́wọ́ wọn, ó ti pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, àmọ́ ó ṣeé kà.

Mo ní kí n kọ́kọ́ kọ̀wé sí ọkùnrin náà. Ọ́ńkù ní rárá, pé àwọn ti fi ìwé àti sùúrù dúró tó, ẹsẹ̀ làwọn máa fi lọ báyìí.

A wọ ọkọ̀ òfurufú lọ sí Cairns. Garáàjì ilé Garth Pascoe ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Duróà kéékèèké kún ara ògiri látòkè délẹ̀, ó sì ti to àwókù aago sínú wọn bí ẹní to ṣúgà. Ó rẹ́rìn-ín pàdé wa, ó rò pé oníbàárà ni wá. Mo sọ ohun tí a bá wá, ó sì gbé ìdérí náà jáde fúnra rẹ̀, ó gbé e lé orí aṣọ dúdú kan lórí tábìlì. Ọ́ńkù kò fọwọ́ kàn án. Wọ́n béèrè pé ibo ni aago tó kù wà.

Ọkùnrin náà ṣàlàyé wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Ẹni tó ń tún aago ṣe láyé ọjọ́un ti kú, ìyàwó rẹ̀ sì ta páálí aago kan tí kò sẹ́ni tó wá gbà wọ́n. Òun ló rà á. Òun ti tú gbogbo wọn, torí aago tí a tú máa ń pawó ju odindi lọ. Ara irin ti wà ní Germany. Ojú rẹ̀ wà ní Melbourne. Ẹ̀rọ inú rẹ̀, òun kò rántí.

Mo béèrè bóyá kò rí orúkọ lára rẹ̀ kó tó tú u. Ó ní òun rí i, ṣùgbọ́n ṣé òun fẹ́ máa fi ìwé tẹlifóònù wá gbogbo ẹni tó ń jẹ́ Gibuma kiri ni. Ẹ̀jẹ̀ ru sí mi lórí. Gbogbo Waiben mọ ilé Ọ́ńkù mi. Ìpè kan péré sí ilé ìfìwéránṣẹ́ ìbá ti tó.

Ó wá yíjú sí Ọ́ńkù, ẹni tó lè bí i lọ́mọ, ó ní, "Ọ̀rẹ́, gbọ́ mi. Mo rí i pé ó dùn ọ́. Torí náà, ìdajì iye rẹ̀ ni mo máa gbà lọ́wọ́ rẹ."

Mo ti na ọwọ́ sí pọ́ọ̀sì, mo jẹ́wọ́. Mo kàn fẹ́ ká gba nǹkan wa ká kúrò níbẹ̀. Ọ́ńkù di ọwọ́ mi mú.

"Kezia, bí o bá san sẹ́ǹtì kan, bó o ṣe gbà nìyẹn pé tirẹ̀ ni." Wọ́n kọjú sí Garth. "Orúkọ tí bàbá mi sọ mí ni. Torí pé mo gbé ọmọ èèyàn gòkè láti ìsàlẹ̀ òkun ni wọ́n ṣe gbẹ́ ẹ síbẹ̀. N kò wá rajà."

Wọ́n mú ìdérí náà, wọ́n fi sínú àpò ẹ̀wù wọn, wọ́n sì fa àga kan, wọ́n jókòó. Wọ́n tẹ́ rìsíìtì náà sórí eékún. Wọ́n ní kó pe ọlọ́pàá, àwọn máa dúró.

Ojú Garth pọ́n. Ó ní olè ni wá, ó sì pe ọlọ́pàá lóòótọ́. Nígbà tí a ń dúró, ojú Ọ́ńkù ń lọ káàkiri orí tábìlì, ó sì bá àwo kékeré kan tí ìdérí méjì mìíràn wà nínú rẹ̀. Wọ́n ní kí n bá wọn ka ohun tí wọ́n gbẹ́ sára wọn. Ọ̀kan jẹ́ T. WAIGANA. Èkejì jẹ́ M. SAILOR. Ọ́ńkù pa ojú dé. Inú Marigold ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọ wà. Àwọn méjì yẹn fi owó ara wọn ra aago tiwọn, wọ́n sì kó wọn fún ọ́fíìsì kan náà láti tún ṣe. Wọ́n ti kú báyìí.

"Tituta," ni Ọ́ńkù sọ, wọ́n ń bá àwo náà sọ̀rọ̀. "Mose. Ibí lẹ wà látọjọ́ yìí."

Ọlọ́pàá tó wá, obìnrin ni, kò tíì tó ọgbọ̀n ọdún. Ó ka rìsíìtì náà lẹ́ẹ̀mejì, ó gba káàdì ìdánimọ̀ Ọ́ńkù wò, ó wo ìdérí. Ó sọ fún Garth pé òun kò ní tọwọ́ bọ bàbá àgbà lápò gba ohun tí orúkọ rẹ̀ wà lára rẹ̀, tó sì ní ìwé lé lórí, pé bí ọ̀rọ̀ náà bá dùn ún, ilé ẹjọ́ wà. Ní ti méjì yòókù, ó ní a kò lè gbé wọn, kí àwọn ọmọ wọn wá. Ó ya fọ́tò wọn, ó sì kìlọ̀ fún Garth pé kò gbọdọ̀ tà wọ́n, kò sì gbọdọ̀ họ ohunkóhun lára wọn.

A fi àwọn méjèèjì sílẹ̀ síbẹ̀. Ìyẹn ló dùn mí jù.

Nígbà tí a délé, mo lọ bá Àńtí Nellie, ọmọ Waigana, mo sì lọ bá Elia, ọmọ Sailor. Àńtí Nellie kò sunkún. Ó bú Garth débi tí n kò lè kọ ọ́ síbí. A jọ kọ lẹ́tà, gbogbo wa fọwọ́ sí i, a sì fi ẹ̀dà kan ránṣẹ́ sí ọlọ́pàá náà. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, àpòòwé kan dé. Ìdérí Waigana nìkan ló wà nínú rẹ̀, kò sì sí ọ̀rọ̀ kankan pẹ̀lú rẹ̀. Elia pe Garth lórí fóònù. Ó ní ìdérí Sailor ti sọnù. Elia wọ ọkọ̀ òfurufú lọ, ó mú ọlọ́pàá ọjọ́sí lọ síbẹ̀, ohun tó sọnù sì yọjú nínú duróà kejì láti ìsàlẹ̀. Nígbà tí Garth ń nà án sí i, ó ní irin lásán ni, kò yẹ kéèyàn torí ẹ̀ da ara rẹ̀ láàmú tó bẹ́ẹ̀. Elia sọ fún mi pé ọwọ́ òun fẹ́ ṣe nǹkan kan, ọlọ́pàá náà ló dúró sáàárín.

Garth kò tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni nínú wa títí dòní. Mo kọ̀wé sí ẹni tí ojú aago wà lọ́wọ́ rẹ̀ ní Melbourne àti ẹni tí ara irin wà lọ́wọ́ rẹ̀ ní Germany. N kò tíì rí èsì kankan gbà.

Mo parí aago náà. Ọwọ́ aago kan tó fara jọ ti inú fọ́tò ni mo kùn lọ́dà fúnra mi. Ìdérí Ọ́ńkù kò wọ ara irin tó wá láti Guangzhou, ojú ibi tí a ti ń yí i dè yàtọ̀. Mo fẹ́ gbé e sórí ẹ̀rọ kí n gé e kó lè wọ̀, Ọ́ńkù sì ní kí n má dá a lábùkù rárá, kí n lo èyí tí kò ní orúkọ. Àńtí Nellie ti ní kí n to ọ̀kan fún òun náà.

Ọ́ńkù wọ tiwọn lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Ìsinmi. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, wọ́n ní ó ń sáré ju bó ṣe yẹ lọ. Mo ní kí wọ́n bọ́ ọ kí n gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Wọ́n ní kí n lọ kó irinṣẹ́ mi wá. Orí tábìlì ilé ìdáná wọn ni mo ti tú u. Wọ́n jókòó síwájú mi, tíì wọn tutù lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, wọn kò sì gbé ojú kúrò lára rẹ̀ títí mo fi dè é padà mọ́ wọn lọ́wọ́.