Íǹṣì Kan Ṣoṣo

"Ta ni ó kọ àwọn òǹkà wọ̀nyí?"

"Èmi ni, dókítà," ni ìyá ọmọ fèsì. Aránṣọ ni; fọ́nrán òwú ṣì lẹ̀ mọ́ ọn láṣọ, nítorí ṣọ́ọ̀bù ni ó ti sáré wá nígbà tí ọmọ ń bì ṣáá.

Ọmọ oṣù mẹ́rin ni ọmọ náà. Inú oyún ni omi ti ń gbá jọ sí i lórí. Nọ́ọ̀sì ti kìlọ̀ fún wọn pé kí wọ́n máa wọn orí rẹ̀ ní ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀. Bí ó bá ti kọjá íǹṣì mẹ́tàdínlógún, kí wọ́n gbé e wá kíákíá.

"Mẹ́tàdínlógún ni ẹ kọ ní àná," ni dókítà oníṣẹ́ abẹ náà wí. "Méjìdínlógún ni èmi bá a."

Ìyá ọkọ aránṣọ, tí ó gbé ọmọ lé itan, yínmú. "Bóyá téèpù tiyín ni kò pé, dókítà. Orí Purofẹ́sọ̀ mi kò lè dédé fi íǹṣì kan wú mọ́jú."

Òun ni ó sọ ọmọ ní Purofẹ́sọ̀; ó ní ìwé ni ó kún inú orí náà. Gbogbo ilé a máa rẹ́rìn-ín sí i. Lónìí, kò sí ẹni tí ó rẹ́rìn-ín.

Téèpù ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n fi ń wọn orí ọmọ nílé ni ó sọ sí aránṣọ lọ́kàn. Íǹṣì àkọ́kọ́ rẹ̀ ti já dànù tipẹ́. Iyekíye tí ó bá fi hàn, oókan ni à ń yọ nínú rẹ̀.

"Màmá," ó rọra pè é, "kí ẹ tó pe iye orí ọmọ fún mi, ṣé ẹ máa ń yọ èyí tó já yẹn?"

"Ṣé mo gọ̀ ni? Ìwọ náà lo kọ́ mi. Mo ti ń yọ ọ́ kí n tó lanu!"

Aránṣọ pẹ̀lú a sì tún máa yọ ọ́ kí ó tó kọ ọ́ sílẹ̀.

"Láti ìgbà wo?" ni dókítà bèèrè.

"Láti ìgbà tí mo ti padà sẹ́nu iṣẹ́, tí Màmá ń bá mi wọ̀n ọ́n. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà."

Dókítà kò bá a wí. Ó tan tọ́ọ̀ṣì kékeré sí ojú ọmọ; ẹyin ojú méjèèjì kò tẹ̀lé iná náà, ilẹ̀ ni wọ́n ń wò.

"N ó fi rọ́bà tín-ínrín kan sí abẹ́ awọ rẹ̀, kí omi náà lè máa ṣàn lọ sí ikùn. Mo gbàgbọ́ pé yóò yè. Ṣùgbọ́n omi ti tẹ ọpọlọ pẹ́. N kò lè ṣèlérí ojú."

"Ká ní a ti tètè dé ń kọ́?"

"Ìyá ọmọ, ẹ fọwọ́ síwèé."

Ó fọwọ́ sí i.

Ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ìyá ọkọ rẹ̀ kò lè wò ó lójú. "Ìyàwó mi, èmi ni mo fọ́ ojú ọmọ yìí, àbí?"

"Iye tí ẹ pè tọ̀nà, Màmá. Èmi ni mo ṣì í kọ."

Nọ́ọ̀sì ṣí ilẹ̀kùn. "Ẹnì kan péré ni yóò gbé e dé yàrá iṣẹ́ abẹ."

Aránṣọ ti na ọwọ́ méjèèjì sí ọmọ rẹ̀. Ó wo àgbàlagbà náà. Ó ká ọwọ́ kò.

"Ẹ gbé e lọ, Màmá. Ẹ máa bá a sọ̀rọ̀ o. Ohùn yín ni ó mọ̀ jù."

Ó dúró sójú kan, ó ń gbọ́ ohùn náà títí ilẹ̀kùn fi padé.