Ẹni Tí Wọ́n Fi Ń Dán Àga Wò

Iná ńlá tàn sí aránṣọ lójú lójijì, obìnrin náà sì di ojú méjèèjì.

"Ẹ má dijú, Àǹtí Aránṣọ!" ni ọ̀gá ètò pariwo láti ẹ̀yìn kámẹ́rà. "Àwọn tó máa jókòó síbẹ̀ nírọ̀lẹ́ ò ní dijú."

Iṣẹ́ rẹ̀ gan-an ní ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n náà ni kó máa rán aṣọ àwọn atọ́kùn, kó sì máa lẹ ìdí ṣòkòtò tó bá ya. Ṣùgbọ́n bí ọjọ́ eré ìdíje bá pé, òun ni wọ́n ń gbé sórí àga olùdíje láàárọ̀, kí wọ́n lè fi í dán iná, aago àti ìbéèrè wò. Mọ́tò tó ti jẹ lórí àga yẹn ò lóǹkà, ẹsẹ̀ ló sì fi ń rìn lọ sílé. Ọ̀gá ètò a máa là á yé àwọn òṣìṣẹ́ tuntun pé, bí kò bá sí òfin, ẹ̀bùn àti òǹwòran, kì í ṣe eré ìdíje. Ti àárọ̀ yìí, òfin nìkan ló ní.

Òfin tí aránṣọ fẹ́ràn jù ni pé, bí ìbéèrè bá le, olùdíje lè fi fóònù pe ẹbí rẹ̀ kan, kó bi í léèrè kí aago tó dún. "Ta lẹ fẹ́ pè?" ni atọ́kùn máa ń wí. Ìdáhùn rẹ̀ kì í yí padà: "Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin." Ẹlẹ́rọ ohùn tó wà ní yàrá kejì á fún ohùn pọ̀ bí obìnrin, á ní, "Àbúrò mi ọ̀wọ́n!" Gbogbo wọn á bú sẹ́rìn-ín. Òun náà á rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ kì í sí níbẹ̀.

Nítorí ó ní ẹ̀gbọ́n lóòótọ́. Nígbà tí wọ́n wà lọ́mọdé, ìdí rédíò ìyá wọn ni àwọn méjèèjì ń jókòó sí bí ètò ìbéèrè bá ti bẹ̀rẹ̀, ẹ̀gbọ́n á sì ti pariwo ìdáhùn kí olùdíje tó mí. Rédíò yẹn náà ló dá ìjà sílẹ̀ lẹ́yìn ikú ìyá wọn. Èyí ẹ̀gbọ́n ní òun ni àgbà, òun lòun ni ín. Èyí àbúrò ní òun lòun tọ́jú ìyá. Ẹyin lohùn, wọ́n sì jẹ́ kó bọ́. Láti ìgbà náà, àgbà ń retí kí ọmọdé wá tọrọ àforíjì, ọmọdé ń retí kí àgbà fi àgbà ṣe. Rédíò ọ̀hún pàápàá ti kú tipẹ́.

Láàárọ̀ yìí, ọ̀gá ètò ò fẹ́ ẹ̀fẹ̀. "Fóònù yẹn ń já mọ́ wa lọ́wọ́. Ẹ jẹ́ ká pe èèyàn gidi. Àǹtí, ẹ ka nọ́ńbà ẹ̀gbọ́n yín."

Irọ́ ti dé ètè rẹ̀, pé ẹ̀gbọ́n òun rìnrìn-àjò. Ṣùgbọ́n ó ń ṣàárò rẹ̀. Ó ka nọ́ńbà náà láìwo ojú ẹnikẹ́ni.

Fóònù dún, dún, dún. Kó gbé e. Kó má gbé e.

"Hẹ́lò?" Ohùn náà jáde láti inú sípíkà, ó kún gbogbo yàrá. Ó ti gbó díẹ̀. "Ta nìyẹn?"

"Olùdíje kan ń fẹ́ ìrànlọ́wọ́ yín, mà. Aago ti bẹ̀rẹ̀," ni atọ́kùn wí, ó sì na ìwé ìbéèrè sí aránṣọ. Ìbéèrè nípa odò tó gùn jù láyé ni. Ó la ẹnu, odò ò jáde.

"Ẹ̀gbọ́n mi," ló wí. "Èmi ni."

Aago ń lọ.

"Kí ló ṣe ohùn ẹ?" ni ẹ̀gbọ́n bi í. "Ta ló ń dà ẹ́ láàmú? Ṣé o ti jẹun?"

Kó tó fèsì, aago dún, ẹ̀rọ sì gé fóònù fúnra rẹ̀, bí wọ́n ṣe tò ó.

"Ó ṣiṣẹ́!" ni ẹlẹ́rọ ohùn kígbe láti yàrá kejì.

"Àǹtí, kí ni ìdáhùn yín?" ni atọ́kùn wí.

"Mi ò tíì jẹun."

Wọ́n rò pé ẹ̀fẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ó ti wá yé e pé nọ́ńbà ilé-iṣẹ́ ló hàn lójú fóònù ẹ̀gbọ́n òun, òun fúnra òun sì ti yí nọ́ńbà tòun padà nígbà tí inú ń bí òun. Bí ẹ̀gbọ́n tilẹ̀ fẹ́ pè padà, kò ní nọ́ńbà òun tuntun lọ́wọ́. Aránṣọ bọ́ sílẹ̀ lórí àga, ó ń tú àpò rẹ̀ wá fóònù.