Ẹni Tó Dúró Lórí Fóònù

Ohùn dídùn ló sọ ọ̀dọ́kùnrin tó ń gbé fóònù ọ́fíìsì náà di Olóhùn-Oyin, ṣùgbọ́n láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni oyin ti di ewúro. Gbogbo oníbàárà tó bá ní kó dúró díẹ̀ kóun wá ọ̀gá, kó tó padà dé, onítọ̀hún ti lọ. Ọ̀gá ní Olóhùn-Oyin ló ń pa fóònù mọ́ wọn létí. Láàárọ̀ ọjọ́ náà ló la ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀: bí alátùn-únṣe fóònù tó ń bọ̀ bá fi lè ní ẹ̀rọ ò níṣòro, kí Olóhùn-Oyin lọ máa to páálí ní sítọ̀.

Alátùn-únṣe wọlé, ọmọge kan ni, àpótí irinṣẹ́ léjìká, ẹyinjú funfun nini.

"Wọ́n ní ẹ ò mọ bọ́tìnì tó ń dá oníbàárà dúró tẹ̀."

"Bí wọ́n ṣe wí nìyẹn."

"Ẹ jẹ́ kí n rí i."

Ìpè wọlé, Olóhùn-Oyin tẹ bọ́tìnì náà. Àyà rẹ̀ ń lù kì-kì, kò sì mọ̀ bóyá ti sítọ̀ ni àbí ti ẹyinjú yẹn.

"Ọwọ́ yín ò ṣàṣìṣe kankan. Ẹ jẹ́ kémi náà di oníbàárà."

Ó jáde, ó dúró lódìkejì títì nínú oòrùn, ó pè é, Olóhùn-Oyin sì dá a dúró. Àwọn alátùn-únṣe tó ti wá ṣáájú rẹ̀ kàn fẹ́ eruku inú fóònù ni, wọ́n bá tiwọn lọ. Ti eléyìí yàtọ̀. Láti ojú fèrèsé ni Olóhùn-Oyin ti ń wò ó: fóònù létí, ìka nínú etí kejì, òógùn ń ṣàn, kò mira. Ìṣẹ́jú márùn-ún gbáko.

"Ṣé ẹ ṣì wà níbẹ̀?"

"Mo wà. Kò já rárá. Àmọ́ ibẹ̀ dákẹ́ bí ilé ahoro. Àwọn oníbàárà fúnra wọn ló ń sú, tí wọ́n ń pa á."

Wọ́n ní amúkùn-ún, ẹrù ẹ wọ́, ó ní òkè lẹ̀ ń wò. Ọmọge náà wo ìsàlẹ̀. Ó di wáyà tó ń gbé orin lọ fún àwọn tó ń dúró mú, ó tọ̀ ọ́ lára ògiri títí dé ọ́fíìsì ọ̀gá. Ẹ̀rọ orin kékeré kan wà lẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù. Wọ́n ti yọ ọ́ lára iná, fáànù ọ̀gá ló wà níbẹ̀.

"Kí lẹ̀ ń wá níbẹ̀ yẹn?"

"Orin ni, sà. Ta ló yọ ọ́?"

Ọ̀gá wo fáànù, ó wolẹ̀. "Èmi ni. Orin kan náà látàárọ̀ dalẹ́, ó ń fọ́ mi lórí. Mi ò mọ̀ pé ó kan fóònù."

"Ẹ ò lè mọ̀, sà. Ẹ kì í dúró lórí fóònù ara yín."

Kò pariwo, kò rẹ́rìn-ín. Orí Olóhùn-Oyin wú. Ọmọge náà ki orin bọ iná, ó dín ariwo rẹ̀ kù, ó ní kí ọ̀gá pe ọ́fíìsì ara rẹ̀.

"Ẹ káàsán, sà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró díẹ̀," ni Olóhùn-Oyin wí.

Ọ̀gá dúró bí oníbàárà, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń bá orin lọ díẹ̀díẹ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́ta kọjá, ó ṣì wà níbẹ̀.

"Jókòó sí àga ẹ," ló sọ lórí fóònù. "Mo fẹ̀sùn kàn ẹ́ lásán. Má bínú."

Ọmọge náà ti ń to irinṣẹ́.

"Ẹ ṣeun, ẹnjiníà," ni Olóhùn-Oyin wí.

"Iṣẹ́ mi ni."

"Dídúró tí ẹ dúró nínú oòrùn yẹn ńkọ́?"

"Ibẹ̀ gan-an niṣẹ́ náà wà."